Mo fẹ́ lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlú Ọba: ṣé fíìsà àlejò gbà kí n máa bá iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà mi lọ?

Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé:

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń gba oorun lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Iṣẹ́ òru ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, àwọn ọmọ wọn kò sì tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nílé, nítorí náà èmi ni gbogbo ẹbí ń wò. Mo máa lò tó oṣù méjì àbọ̀ níbẹ̀. Fíìsà àlejò lásán ni mo fẹ́ gbà, èyí tó ń fúnni láàyè oṣù mẹ́fà.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wá di ẹrù. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù, mo tún máa ń gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Èmi ni ọ̀gá ara mi, mi ò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ló ń fún mi ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ọ̀kan wà ní Kánádà tó máa ń yọjú bó bá wù ú. Ẹ̀kẹta wá wà ní Manchester: ọkùnrin kan ni, ó ní ètò tó ń gbé sórí ayélujára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde fún un.

Mi ò lè sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí pé kí wọ́n dúró dè mí. Ẹni tó bá ti rí ẹlòmíràn fi dí àyè mi, kí ló tún máa wá mi sí?

Ìbéèrè mi rèé. Tí mo bá jókòó sí yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, tí mo ṣí láptọ́ọ̀pù tèmi, tí mo ń ṣe iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó kúrò nílé, ṣé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba ni wọ́n máa kà mí sí? Kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù? Kí ni kí n sì sọ bí òṣìṣẹ́ imigíréṣọ̀n bá bi mí ní pápákọ̀ òfuurufú? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí ni mo ń bẹ̀ o.


Ọmọ Ìgboro:

Àǹtí, ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ kékeré da ara yín láàmú. Ta ló máa mọ̀? Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání, ẹ ní ẹ wá kí ẹ̀gbọ́n yín, ó parí. Ẹ ò gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ wọn kankan lọ́wọ́. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ ò ní ṣiṣẹ́ rárá.


Ìyá Ẹ̀dà:

Ọmọ Ìgboro, o ṣeun, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ yẹn léwu. Màá padà dé orí rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo fi ń jẹun, ọmọ mi obìnrin sì wà ní Leeds pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, nítorí náà ọ̀nà yìí ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni irú àwa wọ̀nyí ń rìn bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2024 ni òfin yí padà. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé àlejò lè máa ṣe ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi láti inú Ìlú Ọba, bí iṣẹ́ náà kò bá ti jẹ́ olórí ìdí tó fi wá. Appendix V ni wọ́n ń pe apá òfin tó wà fún àlejò, ó wà lórí ìkànnì ìjọba wọn, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti kà á. Kà á kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá ọ gba fíìsà.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò ni: kí ló gbé ọ wá? Tìrẹ yé ọmọdé. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbé ọ wá. Ìwé ọsíbítù wà, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà, àwọn ọmọ wà ńlẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kàn tẹ̀lé ọ ni. Ẹni tó ní òun fẹ́ wá jókòó oṣù mẹ́fà ní London nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ yá, tí kò ní ẹni tó fẹ́ kí, tí kò ní ibi tó fẹ́ wò, tirẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú láptọ́ọ̀pù kan náà lẹ jọ gbé dání.

Ibi tó ti le díẹ̀ fún irú àwa tí à ń dá iṣẹ́ wa ṣe nìyí. Ẹni tó níṣẹ́ lẹ́yìn odi ni òfin yẹn ń bá wí. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti ka ohun tí àlejò kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ gbaṣẹ́ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tàbí òwò tó wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó máa darí rẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ máa ta ọjà fún ará ìlú. Ẹni tó ń gba owó oṣù máa fi lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ hàn, ó tán. Àwa la máa fi ẹnu ara wa ṣàlàyé pé òwò wa wà níbòmíràn: ibẹ̀ la ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ la ti ń san owó orí, ibẹ̀ ni owó ń wọ̀, àwọn tó ń gbé e dúró kò sí ní Ìlú Ọba, a sì ń padà lọ síbẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́, àyè díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kan lè fi rí i báyìí kí èkejì rí i báyẹn. Iṣẹ́ tìrẹ ni kó o má jẹ́ kí àyè yẹn fẹ̀.

Ti Jámánì àti ti Kánádà kò bà mí lẹ́rù. Ti Manchester ni kó o yà sọ́tọ̀. Òfin gbà kí àlejò lọ rí oníbàárà tó wà ní Ìlú Ọba, kó gbọ́ ohun tó fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n dúnàádúrà, kí wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbàárà yẹn fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn odi Ìlú Ọba ni àlejò ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Nítorí náà, bí àyè bá gbà ọ́, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Manchester, ẹ rí ara yín lójúkojú, kó fi ètò rẹ̀ tó ń bọ̀ hàn ọ́. Bó bá wá fi ohùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, má tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Oníbàárà tó wà nítòsí jù ni ọwọ́ rẹ kò ní lè kàn.

Fọ́ọ̀mù ńkọ́? Wọ́n máa bi ọ́ bóyá ẹnì kan ló gbà ọ́ síṣẹ́ tàbí o ń dá iṣẹ́ rẹ ṣe. Mú èyí tó jẹ́ òótọ́. Iye tó ń wọlé fún ọ, kọ iye tí ìwé báǹkì rẹ lè jẹ́rìí sí, má fi kún un kó lè dà bí ẹni pé o rí jájẹ. Ìdí ìrìn àjò, ìbẹ̀wò ẹbí ni. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé mìíràn, má fò ó. Èmi máa ń kọ nǹkan tó jọ báyìí síbẹ̀: "Mò ń lọ ran ọmọ mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń dá ṣe ní orílẹ̀-èdè mi. Mo lè máa fèsì ímeèlì, kí n sì parí iṣẹ́ kéékèèké fún àwọn oníbàárà mi tí kò sí ní Ìlú Ọba. Mi ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀." Kò gùn, kò ní ìtàn nínú.

Ní ti pápákọ̀ òfuurufú, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà tí mo dé Heathrow kẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti rẹ̀ ló jókòó níbẹ̀. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Mo ní ọmọ mi bímọ, mo wá bá a gbé ọmọ. Ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mo ń túmọ̀ ìwé. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè: "Ṣé ẹ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá wà níbí?" Mo ní ìwé kan wà lọ́wọ́ mi fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Faransé, mo lè ṣe ojú ewé mélòó kan bí ọmọ bá sùn. Ó ní ta ló ń sanwó yẹn, mo ní àwọn ará Faransé ni, inú àkáǹtì mi nílé ló ń wọ̀. Ó béèrè ọjọ́ tí mo máa padà, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí n kí ọmọ tuntun. Kíyè sí i pé kò béèrè bóyá mo ní láptọ́ọ̀pù. Ta ní kò ní láptọ́ọ̀pù? Ẹni tó ń sanwó àti ọjọ́ tí mo máa lọ ló ń wá.

Wàyí o, Ọmọ Ìgboro. Ká ní mo ti sọ fún un pé mi ò ní ṣiṣẹ́ rárá, kí wọ́n wá ní kí n ṣí fóònù mi, kí ímeèlì ilé ìtẹ̀wé yẹn wà lókè téńté pẹ̀lú ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ jíṣẹ́? Ohun tí òfin gbà fún mi ni irọ́ máa wá sọ di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi ẹ̀tàn gba fíìsà Ìlú Ọba, wọ́n lè kọ̀ ọ́ fún ọdún 10. Ọdún 10 tí ìyá kò ní rí ọmọ rẹ̀, nítorí ìbéèrè tí òótọ́ ibẹ̀ kò ní ìpalára kankan.


Ọmọ Ìgboro:

Ọdún mẹ́wàá kẹ̀? Mà, mo ti jókòó. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.


Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé:

Ẹ ṣeun gan-an ni mà. Mo ti ka Appendix V yẹn ní alẹ́ àná, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Manchester yìí ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo sọ fún ọkùnrin náà, ó ní kò sí wàhálà, òun máa di owó mi mú títí mo fi máa padà délé, kí n kàn máa bá iṣẹ́ lọ. Ó tún ní bí ìyẹn náà bá léwu, kí n kúkú ka ti oṣù méjì yẹn sí ọ̀fẹ́, òun máa fi kún owó mi lẹ́yìn náà. Ṣé ọ̀nà kankan wà nínú méjèèjì?


Ìyá Ẹ̀dà:

Èèyàn dáadáa ni ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà ńbẹ̀. Ìgbà tí owó wọlé kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ì báà san án lọ́dún tó ń bọ̀, ì báà san án ní owó Japan, ibi tí ọwọ́ rẹ wà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó o ń tẹ̀ ẹ́ fún ni wọ́n ń wò. Ọ̀fẹ́ náà kò yọ ọ́, nítorí iṣẹ́ fún òwò tó wà ní Ìlú Ọba ni òfin ní kí àlejò má ṣe, kò ní kó jẹ́ èyí tí wọ́n sanwó rẹ̀ nìkan. Ti pé ó máa fi kún owó rẹ lẹ́yìn náà yẹn tilẹ̀ burú jù, torí ẹ ti wá ń fi nǹkan pamọ́.

Ohun tí mo rí àwọn mìíràn ṣe ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ sílẹ̀. Bi í bóyá ó lè gba ètò mélòó kan sílẹ̀ ṣáájú, kó o tẹ̀ wọ́n kó o tó wọ bàálù. Àwọn tó ń ṣe irú ètò yẹn sábà máa ń ní èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tí wọn ò tíì gbé jáde. Èyí tó bá kù, fà á lé akẹgbẹ́ rẹ kan lọ́wọ́ tí kò sí ní Ìlú Ọba. Kí oníbàárà máa sanwó fún un tààrà, kí invoice, ìyẹn ìwé tí a fi ń béèrè owó iṣẹ́, máa jáde ní orúkọ rẹ̀. Má ṣe gba owó náà kó o wá máa pín in fún un láti London, torí ìyẹn náà ti di pé ò ń darí òwò láti ibẹ̀. Yan ẹni tí kò ní gba oníbàárà mọ́ ọ lọ́wọ́, o sì mọ irú ẹni tí mò ń sọ.

Ohun kan tún wà tí kò kan ìjọba rárá. O ní o ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù fún àwọn ará Jámánì. Ṣé fíìmù tó ti jáde ni àbí èyí tí kò tíì jáde? Bó bá jẹ́ èyí tí kò tíì jáde, yẹ ìwé àdéhùn rẹ wò dáadáa. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò gbọdọ̀ ṣí iṣẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn láìsọ fún wọn, tàbí lórí wáìfáì tí ẹlòmíràn ń lò. Wáìfáì ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, tí àwọn ọmọ fi ń ta géèmù, wáìfáì tí ẹlòmíràn ń lò nìyẹn. Má sì fi VPN, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, bo ibi tó o wà. Ilé iṣẹ́ míì, bí wọ́n bá rí i pé ibi tó o ní o wà kọ́ lo ti wọlé, ńṣe ni wọ́n máa ti àkáǹtì rẹ pa kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ímeèlì onílà mẹ́ta kó o tó lọ sàn ju gbogbo ìyẹn lọ.


Òṣìrò:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, Ìyá Ẹ̀dà. Ẹ jẹ́ kí n mú apá owó orí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń sùn lọ.

Fíìsà ọ̀tọ̀, owó orí ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń bójú tó owó orí kò béèrè irú fíìsà tí ẹ fi wọlé, ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Ọdún owó orí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ó sì ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 níbẹ̀ láàrin ọdún kan bẹ́ẹ̀, ará ibẹ̀ ni wọ́n kà á sí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lọ́dún mẹ́ta tó ṣáájú, tí kò sì lò tó ọjọ́ 46, wọn ò kà á kún.

Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ti le. Wọ́n máa ń wo ohun tó so yín mọ́ ìlú náà. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́: bí ẹ bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́, tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì pé 40, iṣẹ́ ti so yín mọ́ ibẹ̀ nìyẹn, oníbàárà ì báà wà ní Jámánì. Òmíràn ni ilé: bí ilé ẹ̀gbọ́n yín bá ṣí sílẹ̀ fún yín fún ọjọ́ 91 láìdá, tí ẹ sì sun tó alẹ́ 16 níbẹ̀ lọ́dún náà, ilé ti so yín mọ́ ibẹ̀. Ọkọ tàbí ìyàwó tàbí ọmọ kékeré tó ń gbé níbẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ẹ̀gbọ́n kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ wá wò ó. Oṣù méjì àbọ̀ kò kọjá ọjọ́ 90. Fún ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ìdè mẹ́rin, ìyẹn irú ohun tó ń soni mọ́ ìlú bẹ́ẹ̀, lára rẹ̀ láàrin ọjọ́ 46 sí 90 kí wọ́n tó kà á sí ará ìlú, ẹ ò sì lè ní mẹ́rin. Ọkàn yín lè balẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní orúnkún kò tètè san, tí ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀ yín kí ẹ dúró títí oṣù karùn-ún. Láti ọjọ́ 121 sí 182, ìdè méjì péré ló tó. Iṣẹ́ alẹ́ yín àti yàrá àlejò yẹn ti di méjì. Àlejò tí fíìsà rẹ̀ mọ́ tónítóní ló máa wá di ará ìlú lójú àwọn olówó orí. Mo ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá lójijì, kò sì gbà gbọ́ títí a fi jọ ka òfin náà pọ̀.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa pẹ́, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ti pé bóyá owó orí wà lórí iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ jókòó sórí ilẹ̀ wọn, bí ẹ kò tilẹ̀ di ará ìlú, ìbéèrè ọ̀tọ̀ nìyẹn, àdéhùn tó wà láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí oníṣirò kan wo tiyín gan-an.


Arìnnàkore:

Mo kàn fẹ́ fi kún un fún àwọn tó máa ka èyí tí kì í ṣe Ìlú Ọba ni wọ́n ń lọ. Ẹ má gbé òfin orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn o.

Kánádà ló rọrùn jù nínú àwọn tí mo mọ̀. Ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn fún agbanisíṣẹ́ tí kò sí ní Kánádà lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò fún oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. New Zealand tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 2025. Wọ́n ní kí àlejò tó bá máa ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ lọ wo ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀.

Amẹ́ríkà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ irú gbólóhùn tí Ìlú Ọba kọ. Fíìsà B, èyí tí wọ́n ń fún àlejò, kò gba iṣẹ́, agbẹjọ́rò méjì lè bá ara wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí bóyá iṣẹ́ fún oníbàárà ẹ̀yìn odi wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Lójú àwọn olówó orí wọn, owó iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ jókòó sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń kà á sí pé owó náà ti jáde, ibikíbi tí oníbàárà tàbí báǹkì wà. Irọ́ tí Ìyá Ẹ̀dà sọ pé ó ń mú ọdún 10 wá, ní Amẹ́ríkà kò ní gbèdéke ọdún: wọ́n lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ yín títí ayé, àfi bí wọ́n bá fojú fò ó dá fún yín. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè wọn sì láṣẹ láti yẹ fóònù àti kọ̀ǹpútà wò.

Ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo fíìsà kan náà, ọjọ́ 90 nínú 180 ni gbogbo wọn jọ ń kà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Èmi kì í ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀ lórí fíìsà ìbẹ̀wò, ìsinmi ni mo máa ń fi ṣe.

Ẹni tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ló fẹ́ gbé lọ, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ tọ́jú, fíìsà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Estonia bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Portugal ní èyí tí wọ́n ń pè ní D8 láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Spain náà ní tirẹ̀. Mauritius kì í gba owó fún Premium Visa wọn, ẹ kàn máa fi hàn pé $1,500 ń wọlé fún yín lóṣù. Thailand gbé fíìsà tiwọn tí wọ́n ń pè ní DTV jáde ní ọdún 2024: wọ́n fẹ́ rí 500,000 baht lọ́wọ́ yín, wọ́n á fún yín ní ọjọ́ 180 ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọlé, fún ọdún márùn-ún. Ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, iye owó àti ọjọ́ máa ń yí padà.


Àbẹ̀kẹ́ Akọ̀wé:

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bù kún yín. Òṣìrò, mi ò ro ti ọjọ́ 121 yẹn rí láyé mi. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò ní kọjá oṣù mẹ́ta, bí orúnkún náà kò bá tíì san, àbúrò wa ọkùnrin ló máa wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti ń ṣe bí agbẹjọ́rò.

Ọkùnrin Manchester gbà. Ó ti fi ètò mẹ́ta ránṣẹ́, ó ní méjì ṣì ń bọ̀. Akẹgbẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ló máa ṣe ìyókù. Ìyá Ẹ̀dà, ìwé àdéhùn àwọn ará Jámánì sọ ohun tí ẹ sọ gẹ́lẹ́: kí n sọ fún wọn bí n bá máa ṣí fíìmù wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo kọ ìlà mẹ́ta, wọ́n fèsì láàárọ̀ yìí pé kò burú, ṣùgbọ́n kí n máa lo íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù mi, kí n má lo ti ilé.

Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́tà ọsíbítù, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ìwé báǹkì, ìwé àdéhùn ti Jámánì, ṣé kí n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà ni, àbí orí fóònù tó?


Ìyá Ẹ̀dà:

Tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o sì fi í sínú báàgì ọwọ́, má fi í sínú èyí tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Lẹ́tà ọsíbítù ni kó wà lókè, tíkẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e. Ìwé àdéhùn Jámánì, jẹ́ kó wà nísàlẹ̀, má mú un jáde àfi bí wọ́n bá béèrè. Ẹni tó bá ti ń fi ìwé iṣẹ́ hàn kí wọ́n tó bi í, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé iṣẹ́ ló bá wá. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, mo bá a gbàdúrà pé kí orúnkún náà tètè san.